Ta Ló Ń Yan Àga fún Èrò Èkó?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó lónìí, ìbéèrè méjì ni ẹ́jẹ́ǹtì tíkẹ́ẹ̀tì máa ń bi í: bààlúù wo, kíláàsì wo? Ìbéèrè kẹta, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń bèèrè rẹ̀, kó tiẹ̀ tó dáhùn méjì ìṣáájú: báàgì mélòó ni wọ́n máa gbà, kílò mélòó-mélòó? Bí wọ́n bá ti ń dúnàá-dúrà báyìí, èèyàn á rò pé ọjà lásán ni, pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń mú èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa ìtàn ọ̀nà yìí láti ọdún 1936 wá á rí i pé èrò ọkọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń yàn. Àwọn kan ti jókòó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti pín ojú òfúrufú láàárín ara wọn, wọ́n ti bu iye lé àga, wọ́n sì ti sọ ẹni tí yóò na ẹsẹ̀ níwájú àti ẹni tí yóò ká orúnkún mọ́ra lẹ́yìn. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: lójú ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, àdéhùn àwọn ìjọba àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ló ń yan bààlúù àti kíláàsì fún wa. Ìgbàkígbà tí àyè bá sì ṣí díẹ̀ fún èrò láti yàn, kì í ṣe àpò rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ ló yí padà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló rí ẹsẹ̀ gbé wọlé.

Kíláàsì kò bẹ̀rẹ̀ lókè. Orí omi ló ti wá. Elder Dempster, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Liverpool, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé èrò àti lẹ́tà láàárín ìlú náà àti etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí: Accra, Apapa, àti Aureol tó dé lọ́dún 1951. Ìrìn Liverpool sí Èkó ń gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú Aureol, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fáàsì kíláàsì ju ti kíláàsì ìsàlẹ̀ lọ fíìfíì, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti ọ̀gá ilé ìṣòwò ló pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn, àpò ara wọn kọ́ sì ni owó ọkọ̀ ti ń jáde. Ipò tí èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba ló ń sọ yàrá tí yóò sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ẹbí dáwó jọ fún kó lè lọ kọ́ òfin tàbí ìṣègùn nílùú ọba, òun náà mọ ibi tí owó rẹ̀ mọ, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ yíyàn nínú ìyẹn. Àṣà tó ṣì wà dòní ti fìdí múlẹ̀ láti ibẹ̀: ẹni tó jókòó níwájú kì í sábà jẹ́ ẹni tó san owó àga náà. Ti bààlúù Imperial Airways, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó dé Kánò láti Khartoum ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1936, tó sì dé Èkó kí ọdún náà tó parí, kò yọ ọ̀rọ̀ kíláàsì sọ rárá. Bààlúù kékeré ni, èrò péréte ló lè gbé. Ẹni tó bá rí owó wọ̀ ọ́ ti di ẹni ńlá nìyẹn.

Ìgbà tí ogun parí ni wọ́n wá di ọ̀rọ̀ náà ní gbọningbọnin. Lọ́dún 1945, ní Havana, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú dá ẹgbẹ́ IATA sílẹ̀. Lọ́dún 1946, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn Bermuda, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá fi ṣe àwòkọ. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòroó yé: ìjọba méjì tí ọ̀nà so pọ̀ ni yóò dárúkọ ilé iṣẹ́ tó lè fò níbẹ̀, IATA ni yóò jókòó dá iye owó, ìjọba méjèèjì á wá fọwọ́ sí i. Ọ̀nà kan náà, kíláàsì kan náà, iye kan náà, ilé iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Bí owó kò bá lè yàtọ̀, kí ni wọ́n á wá fi fa oníbàárà mọ́ra? Oúnjẹ, ọtí àti ọ̀yàyà àwọn òṣìṣẹ́. IATA tún lọ fòfin dè wọ́n níbẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dá kíláàsì ikọ́nọ́mì sílẹ̀ lórí òkun Àtìláńtíìkì ní April 1958, wọ́n ní sáńwíìsì tútù tí kò náni lówó ni kí wọ́n máa fún àwọn ará ẹ̀yìn. SAS, ilé iṣẹ́ àwọn ará Scandinavia, wá gbé tiwọn jáde: búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ẹran, ẹja àti ewébẹ̀ gun ara wọn lórí rẹ̀ débi pé fọ́ọ̀kì ni èèyàn máa fi wá búrẹ́dì ọ̀hún kàn. Pan Am, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, fẹjọ́ sùn. Àgbààgbà èèyàn tó wọ kóòtù tó de táì jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí sáńwíìsì jẹ́, wọ́n sì bu ìtanràn 20,000 dọ́là lé SAS lórí. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí ará ẹ̀yìn má lọ jẹun bí ará iwájú láìsan owó iwájú. Ìtura nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà nínú kíláàsì. Ìnira tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò sanwó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ọjà náà.

Ọdún 1958 yìí kan náà ni Nàìjíríà ní ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú WAAC tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1946 ló ń ṣiṣẹ́ káàkiri agbègbè wa. Nígbà tí Gold Coast gba òmìnira, tó di Gánà, tó sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, àjọṣe náà tú. WAAC Nigeria, tó padà di Nigeria Airways, ló rọ́pò rẹ̀ ní August 1958, ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan kọ́ ló ni ín. Ìjọba ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 49 tó kù, Elder Dempster àti BOAC, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló pín in, Elder Dempster sì ni tiẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹ kíyè sí i: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Liverpool ra ìpín nínú ọkọ̀ òfúrufú tó fẹ́ gba èrò náà lọ́wọ́ rẹ̀, BOAC tó yẹ kó jẹ́ abánidíje sì wà nínú ilé pẹ̀lú wọn. Bààlúù Stratocruiser tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ní October 1, BOAC ló ni ín. Àtẹ̀gùn tó lọ́ bìrìpé kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn máa gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìgbafẹ́ nísàlẹ̀, kó lọ mu ọtí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èrò tó dúró ní Ìkẹjà nígbà náà lè sọ pé BOAC lòun máa wọ̀, ó sì lè sọ pé tiwa-n-tiwa ni. Lójú ìwé, yíyàn nìyẹn. Àmọ́ àdéhùn àjọpín wà láàárín àwọn méjèèjì: owó ọ̀nà náà á dà pọ̀, wọ́n á wá pín in bí wọ́n ṣe fẹnu kò. Ilé iṣẹ́ tó mọ̀ pé ìpín òun ń bọ̀, ì báà jẹ́ bààlúù tòun ni èrò wọ̀ tàbí ti ẹnìkejì, kí ni yóò torí rẹ̀ dín owó, kí ni yóò torí rẹ̀ tún àga ṣe? Ìjọba ra ìpín àwọn yòókù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sì sí àlejò nínú ilé iṣẹ́ náà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń pín ọ̀nà kò tìtorí ìyẹn yí padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi ni ti ọdún 1971. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni kan dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ BOAC tó jẹ́ ti ìjọba, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi tọ́ ọ. Wọ́n gba ọ̀nà Èkó, Kánò àti Accra lọ́wọ́ BOAC, wọ́n fà á lé British Caledonian lọ́wọ́ bí ẹni ń pín oko bàbá. Èrò Èkó tó ti mojú BOAC tipẹ́ wá rí i pé Gatwick lòun á máa balẹ̀ sí dípò Heathrow bí òun bá wọ bààlúù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé aṣọ ìbílẹ̀ Scotland ni àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá bá òun wọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Owó epo rọ̀bì dé lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn oníbíṣẹ́nẹ́sì àti àwọn kọngilá ń lọ ń bọ̀, ọ̀nà Nàìjíríà sì di ọ̀kan lára èyí tó ń mú owó gidi wọlé fún ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí dọ́là sì di ohun àwárí ní báńkì Nàìjíríà, ọ̀nà kan náà di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Ní December 1987, British Airways, tí í ṣe arọ́pò BOAC, gbé British Caledonian mì. Èrò Èkó tún padà sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, kò sọ gbólóhùn kan nínú ẹ̀.

Láàárín ìgbà náà ni kíláàsì àárín yọjú, ìbínú ló sì bí i. Freddie Laker, oníṣòwò ọkọ̀ òfúrufú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Skytrain dìde láti Gatwick sí New York ní September 1977 pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà sì ní láti já owó àwọn àga kan wálẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ san owó pípé wá ń bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó san díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n san fún un, oúnjẹ kan náà, àga kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lọ́dún 1978, British Airways àti Pan Am fi ààlà sáàárín wọn, Qantas ti Ọsirélíà tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1979, bí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ṣe dé nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1990 ni ìpele kan tún wọ àárín bísínẹ́ẹ̀sì àti ikọ́nọ́mì. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, British Airways ti tẹ́ ibùsùn pẹrẹsẹ fún àwọn ará bísínẹ́ẹ̀sì. Lójú ọ̀nà tó ń gbà tó wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, tí àwọn bààlúù rẹ̀ kan sì máa ń gbéra ní alẹ́, ibùsùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ fún ẹni tó ní ìpàdé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣe é fún: ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń sanwó fún. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ lọ kí ọmọ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò sí lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń wọn àga náà.

Àwọn kan yóò takò mí níbí. Wọ́n á ní ẹ̀bi wa ni, pé ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn fàájì, pé ẹni tó ń ṣe òkú ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kò lè jókòó sẹ́yìn bààlúù, pé ìdí nìyẹn tí iwájú bààlúù Èkó fi máa ń kún tí owó rẹ̀ sì ga. Mi ò ní purọ́ pé kò sí afẹ́-ayé láàárín wa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ afẹ́ ló ń gbé owó sókè, kò yẹ kó ju kí àwọn bààlúù mìíràn sáré wá jẹ nínú owó náà lọ, kí àga sì pọ̀ títí owó á fi rọ̀. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé àdéhùn ti sọ iye ìgbà tí wọ́n lè fò láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò sì lè dédé wọlé. Àfiwé Accra ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà Accra sí Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ jìn jura wọn, àwọn ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ń fò méjèèjì, síbẹ̀ lọ́dún 2011 sí 2012 owó iwájú láti Èkó ju ti Accra lọ débi tí Mínísítà ètò ọkọ̀ òfúrufú nígbà náà, Stella Oduah, fi fún British Airways àti Virgin Atlantic ní gbèdéke láti ṣàtúnṣe. Ní November 2011, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ti kọ́kọ́ bu ìtanràn tó jẹ́ 235 mílíọ̀nù dọ́là lápapọ̀ lé wọn lórí nítorí owó epo tí wọ́n ń fi kún tíkẹ́ẹ̀tì láàárín 2004 sí 2006. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì kò gbà pé àwọn jẹ̀bi ní Nàìjíríà. Nílùú wọn lọ́hùn-ún, British Airways ti gbà lọ́dún 2007 pé òun àti Virgin jọ sọ ọ̀rọ̀ owó epo yìí láàárín ara wọn, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 121.5 pọ́n-ùn lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà dín in kù. Kò síbi tí afẹ́ ará Èkó ti wọ èyí.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì gbà pé ká ní Nigeria Airways kò kú ni, a ò bá máa yan tiwa, a ò bá sì máa wọ bààlúù pẹ̀lú iyì. Ìrántí dídùn ni, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kò tì í lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ náà wà lójú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kò sì fi ibẹ̀ já owó; alájọpín ló jẹ́, kì í ṣe abánidíje. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é lọ́dún 1997 nítorí ààbò, tí ìjọba Abacha sì fi bẹ́ẹ̀ san án fún British Airways, èrò ni ìjà náà dé bá: ìjọba méjì fi ìbínú ti ọ̀nà, ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù wá ń gba Yúróòpù mìíràn kọjá. Ọ̀rọ̀ ààbò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó bá rí bààlúù tí kò dára gbọ́dọ̀ dá a dúró. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Nigeria Airways wà ní ipò tó dára kó tó kógbá sílé lọ́dún 2003. Virgin Nigeria tó rọ́pò rẹ̀, tó gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní June 2005, ìdá 51 ni ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìdá 49 ni ti Virgin Atlantic. Ìṣirò 1958 gan-an nìyẹn. Abánidíje tún wà nínú ilé, ọdún mẹ́rin kò sì pé tí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù fi bọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Arik Air, tí àjèjì kankan kò bá a pín lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọ ọ̀nà Heathrow ní December 2008, òun náà sì fi í sílẹ̀ lọ́dún 2017 nígbà tí gbèsè mú kí AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè tó há, gba ilé iṣẹ́ náà. Ìdí tó fi ṣubú yàtọ̀, ti gbèsè àti ìṣàkóso ni. Àmọ́ lẹ́yìn tó kúrò, ojú ọ̀nà tààrà láti Èkó tún ku àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí Medview, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà mìíràn, gbìyànjú láti ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ká fi dán àlàyé yìí wò. Láti 2022, owó tí àwọn bààlúù àjèjì tà ní náírà há sí Nàìjíríà nítorí pé wọn kò rí dọ́là rà. Emirates kó kúrò lọ́dún náà, IATA sì sọ lọ́dún 2023 pé owó tó há ti lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá lọ bá ẹ́jẹ́ǹtì nígbà náà á rí i pé àwọn iye tó rẹlẹ̀ nínú ikọ́nọ́mì ti pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Àga náà ṣì wà nínú bààlúù, ẹni tó bá sì fi dọ́là rà á láti òkè òkun lè rí i. Tí ẹni tó ní náírà bá ń san owó tó sún mọ́ ti iwájú kó lè jókòó sẹ́yìn, ta ló yan kíláàsì fún un? Ní February 2024, Air Peace, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, kéde pé òun máa fò láti Èkó sí Gatwick, mílíọ̀nù 1.2 náírà ní ikọ́nọ́mì, mílíọ̀nù 4 ní bísínẹ́ẹ̀sì, àlọ àti àbọ̀. Bààlúù Boeing 777 rẹ̀ gbéra ní March 30. Àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà náà já owó tiwọn wálẹ̀, wọ́n já a wálẹ̀ débi pé ọ̀gá Air Peace, Allen Onyema, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo síta pé wọ́n fẹ́ fi owó tó kéré jù lé òun kúrò. Ẹnìkan lè ní náírà ló lágbára sí i láàárín March àti April ọdún náà, pé Báńkì Àpapọ̀ sì ti ń san owó tó há. Òótọ́ ni, ìyẹn náà kópa. Ṣùgbọ́n Air Peace kéde iye tirẹ̀ ní February, nígbà tí náírà wà nísàlẹ̀ kanlẹ̀, kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Èrò Èkó kò kọ́ ọgbọ́n tuntun lóṣù náà. Bààlúù kan sí i ló wọ ọ̀nà.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá tún sọ fún un yín pé ìwà wa ló mú kí iwájú bààlúù Lọ́ńdọ̀nù wọ́n láti Èkó, ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń ta àga kan náà ní Accra, kẹ́ ẹ sì bi í pé bààlúù mélòó ni àdéhùn gbà láyè láti máa fò ọ̀nà náà. Àwọn tó ń ṣojú wa nídìí àdéhùn òfúrufú pẹ̀lú ìjọba mìíràn, tí wọ́n ń tọrọ àyè ìbàlẹ̀ ní Heathrow, kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí jáde fún aráàlú kà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yín.